Mọ́nítọ̀ tó ń sọ òótọ́: bí a ṣe ń kalíbíréètì ojú kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ fótò

Bí fótò ìgbéyàwó bá mọ́lẹ̀ rekete lójú kọ̀ǹpútà, tó wá ti láàbù tí wọ́n ti ń tẹ fótò dé tó dúdú bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yà á, ẹ má tíì bínú sí oníláàbù. Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́nítọ̀ ló mọ́lẹ̀ jù. Ẹni tó tún fótò náà ṣe rí i pé ojú ìyàwó tàn dáadáa, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ pé iná mọ́nítọ̀ ló ń bá òun tan ojú ìyàwó. Pépà kò ní iná nínú. Ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ló lè hàn lórí rẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa rí ṣe nínú gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ kù sí ìwọ̀n tó yẹ. Àwọ̀ ló tẹ̀ lé e. A máa pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ká tó dé orí ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, torí pé kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ yín ti tó láti fi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Irú ojú tó wà níwájú yín

Kalíbíréṣọ̀n, ìyẹn títún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ mọ́nítọ̀ ṣe kó bá ìwọ̀n mu, kò lè fún mọ́nítọ̀ ní àwọ̀ tí kò ní. Ó kàn máa tún èyí tó ní tò ni, á sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ibi tí agbára mọ́nítọ̀ náà mọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tókùnbọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, ọ́fíìsì ni wọ́n ti lò wọ́n nílẹ̀ òyìnbó, irú ojú kan tí wọ́n ń pè ní TN ló sì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí fótò ẹni tó dúdú dáadáa, kí ẹ jókòó wò ó, kí ẹ wá máa dìde díẹ̀díẹ̀. Bí awọ ara ẹni náà bá ń ràn, tó ń funfun, tàbí tó ń yí padà di nǹkan mìíràn bí ẹ ṣe ń dìde, TN ni. Lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ fótò kan náà kì í dọ́gba bí ẹ tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Irú ojú kejì, tí wọ́n ń pè ní IPS, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á dúró.

Bí ìwé ẹ̀rọ náà bá kọ 45% NTSC (òdiwọ̀n àwọ̀ àtijọ́ ti tẹlifíṣọ̀n), díẹ̀ lé ní 60% àwọ̀ sRGB ni ojú náà lè gbé jáde. Bó bá kọ 72% NTSC tàbí 100% sRGB, ó tó iṣẹ́ ṣe. sRGB yìí ni òdiwọ̀n àwọ̀ tí HP àti Microsoft jọ gbé kalẹ̀ lọ́dún 1996, tó di òdiwọ̀n àgbáyé lọ́dún 1999. Òun ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò, òun ni ọ̀pọ̀ láàbù sì ń retí nínú fáìlì tí ẹ bá gbé wá. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ń fi fótò jẹun, tí kò ní ju kọ̀ǹpútà alágbèéká olójú TN lọ, kó kọ́kọ́ ra mọ́nítọ̀ IPS, bó tilẹ̀ jẹ́ tókùnbọ̀, kó tó ronú kan ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kò lè wo ojú TN sàn.

Yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́

Ojú ènìyàn kì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá jókòó sínú yàrá tí kọ́tìnnì rẹ̀ pupa, tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ wọlé, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ojú yín á ti gbà pé ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn ni funfun. Mọ́nítọ̀ á wá dà bí èyí tó ń fà sí búlúù, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pupa kún fótò tí kò nílò pupa. Kì í ṣe pé ojú yín ń ṣàìsàn. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìdí sì nìyí tí a kì í fi ojú lásán wọn àwọ̀.

Kọ́tìnnì eérú tàbí funfun tó nípọn ló dára jù. Bí ògiri bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí òféèfé tó dán, ẹ wá nǹkan eérú tàbí funfun fi bo apá tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀, kódà páálí tí ẹ kùn ní eérú. Kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, kó má wà lẹ́yìn yín, torí pé bó bá wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa dán lójú mọ́nítọ̀. Bó bá sì wà níwájú, á máa wọ̀ yín lójú. Búlúùbù tó ní 6500K lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe 3000K tó ń tàn bí iná fìtílà. Ẹ má sì lo méjèèjì pọ̀ nínú yàrá kan. Aṣọ tí ẹ wọ̀ náà ń sọ̀rọ̀: ańkárá ọlọ́sàn tó ń dán máa ń bì sójú mọ́nítọ̀, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ ń kọ mànà bíi díńgí.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà alágbèéká sì bọ́ sórí bátìrì, òun fúnra rẹ̀ á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ìwọ̀n tí ẹ ti ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ lè má sì mọ̀. Bí búlúùbù yàrá bá kú, tí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tàbí làǹtánà oníbátìrì, àwọ̀ tí ojú yín ń rí ti yí padà. Ní ti mọ́nítọ̀ orí tábìlì, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ara àdápítọ̀ rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, iná tó rẹlẹ̀ kò ní yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ohun tí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń ṣe fún un ni pé ó ń tutù padà. Mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní títàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wọn ohunkóhun lára rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ á ṣì máa rìn kó tó gbóná. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ látorí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà. Ẹni tó ní íńfátà, kó so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọn àwọ̀.

Ẹ pa gbogbo ohun tó ń dá ṣe é fúnra rẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́. Wọ́n á wọn àwọ̀ tán, Night light á tàn lálẹ́, gbogbo rẹ̀ á pọ́n bí epo. Lórí Windows, ẹ pa Night light, ẹ pa HDR, ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú ohunkóhun tó bá ní òun máa yí ìmọ́lẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí yàrá tàbí gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Bí káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti Intel, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kí ẹ pa Display Power Saving. Bó bá jẹ́ AMD, Vari-Bright ni orúkọ rẹ̀. Lórí Mac, True Tone àti Night Shift ni kí ẹ pa.

Ẹ wá wọ inú mẹ́nù mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ ń fi bọ́tìnnì ara rẹ̀ ṣí. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó ti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹ pa Dynamic Contrast, Eco, Reading, àti ohunkóhun tó bá ń jẹ́ Vivid. Ẹ mú Custom tàbí User, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ti máa ń jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mọ́nítọ̀ bá ní sRGB nínú mẹ́nù, ẹ lè lo ìyẹn, àmọ́ àwọn mìíràn máa ń ti ìmọ́lẹ̀ pa níbẹ̀, tí ẹ kò ní lè dín in kù. Contrast, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.

Bó bá jẹ́ okùn HDMI lẹ fi so ó, ẹ yẹ ohun kan wò. Nígbà mìíràn, káàdì máa ń rò pé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n so mọ́ òun, á wá máa fi nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ láti 16 sí 235 ránṣẹ́ dípò 0 (dúdú pátápátá) sí 255 (funfun pátápátá). Dúdú á di eérú, funfun á ṣá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Full àti Limited sí nínú ètò káàdì, kí ẹ mú Full.

Kámẹ́rà yín lè wọn ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀

cd/m² ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́nítọ̀. Òun náà ni àwọn tó ń tà á ń pè ní nits. Mọ́nítọ̀ tuntun máa ń lè tó 250 cd/m², ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í sí. Fún iṣẹ́ fótò, 120 ló tó fún yàrá tó mọ́lẹ̀ níwọ̀nba, 100 fún yàrá tí kọ́tìnnì rẹ̀ wà ní pípa, 80 sì ni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sórí pépà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ 120 láìní ẹ̀rọ? Mítà inú kámẹ́rà ń ka ìmọ́lẹ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀, a sì lè yí ohun tó kà padà sí cd/m². Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ ṣí ojú ewé funfun kan tó kún ojú mọ́nítọ̀ pátápátá; bùráúsà tí ojú ewé rẹ̀ ṣófo, tí ẹ tẹ F11 sí, ti tó. Ẹ fi kámẹ́rà sí M, ISO 100, f/4, 1/60. Lẹ́ńsì 18–55 tó bá kámẹ́rà wá lè ṣe f/4 bí ẹ bá fà á dé 18. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì kúrò ní àdáṣe, kí ẹ yí i lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí funfun náà lè rú, kí àwọn tótòtó ojú mọ́nítọ̀ má baà hàn. Ẹ kọjú lẹ́ńsì sí àárín gbùngbùn mọ́nítọ̀ gan-an, ẹ sún mọ́ ọn kó má ju funfun nìkan lọ lẹ máa rí nínú kámẹ́rà. Ẹ wo àmì mítà náà. Bó bá lọ sápá àfikún, mọ́nítọ̀ ti mọ́lẹ̀ ju 120 lọ. Ẹ máa dín brightness mọ́nítọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí àmì náà fi dúró lórí òdo. Ẹ ti dé nǹkan bí 120 cd/m² nìyẹn.

Bí 100 lẹ fẹ́, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/50. Bó bá jẹ́ 80, 1/40. Bí lẹ́ńsì yín kò bá lè ṣe é ju f/5.6 lọ, 1/30 ni 120, 1/25 ni 100, 1/20 ni 80. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí mọ́nítọ̀ òun wà tẹ́lẹ̀, kó yí ṣọ́tà dípò brightness títí mítà yóò fi dé òdo: ní f/4, bó bá jẹ́ 1/125 ló dé òdo, nǹkan bí 250 ni mọ́nítọ̀ yẹn wà. Ìlọ́po méjì ohun tó yẹ nìyẹn, ìdí tí fótò fi ń ti láàbù wá dúdú sì ti hàn.

Mítà kámẹ́rà kì í ṣe òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta stop ṣìnà (stop kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀), 120 tí ẹ rò lè jẹ́ 95 tàbí 150. Síbẹ̀, ó sàn jìnnà ju kéèyàn máa fi ojú díwọ̀n lọ, fótò àyẹ̀wò tí ẹ máa tẹ̀ ní láàbù sì máa tún ìyókù ṣe. Ẹ kọ nọ́ńbà brightness tí ẹ bá dúró sí sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan á fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan.

Pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀

Ẹ̀rọ náà kéré, ó lè gba inú àtẹ́lẹwọ́. Okùn USB wà lára rẹ̀, ojú gíláàsì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Spyder àti Calibrite ni orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù. Kò pọn dandan kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀, torí pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ máa lò ó: fótógíráfà mẹ́rin tàbí márùn-ún lè da owó pọ̀ ra ọ̀kan, kó máa yí ọwọ́ ká. Sọ́fítíwíà tó bá a wá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó jinlẹ̀ jù, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, DisplayCAL ni, ArgyllCMS ló ń bá a ṣe ìṣirò lábẹ́lẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ tàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi aṣọ tó fúyẹ́, tó gbẹ, nu ojú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ nìkan ti tó láti ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹ má lo sípírítì.

2. Ẹ sọ fún sọ́fítíwíà irú iná tó wà lẹ́yìn ojú mọ́nítọ̀. White LED ló wà lára ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ òde òní. CCFL ló wà lára àwọn tó ti pẹ́. OLED dá yàtọ̀. Bí ẹ bá mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ á wọn àwọ̀ tán, funfun á ṣì fà sí àwọ̀ ewé tàbí elésèé àlùkò, ẹ ó sì máa wá ibi tí àṣìṣe wà kiri.

3. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ síbẹ̀: funfun: D65, èyí tí í ṣe 6500K; gámà (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i láti dúdú dé funfun): 2.2; ìmọ́lẹ̀: 100 tàbí 120, gẹ́gẹ́ bí yàrá yín bá ṣe rí.

4. Ẹ dẹ ojú mọ́nítọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀rọ kọ́ ọ ní àárín, kó lẹ̀ mọ́ ọn láìsí àlàfo. Ohun wúwo tó wà lára okùn rẹ̀, ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ló ń lọ kó lè fà á dúró. Ẹ pa iná yàrá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba etí rẹ̀ wọlé, ó ti ń wọn yàrá pọ̀ mọ́ mọ́nítọ̀ nìyẹn.

5. Sọ́fítíwíà á fi ọ̀pá mẹ́ta hàn yín: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Ẹ wọ inú mẹ́nù mọ́nítọ̀, kí ẹ mú wọn dọ́gba. Ẹ máa *dín èyí tó ga kù*, ẹ má gbé èyí tó rẹlẹ̀ ga. Bí ẹ bá gbé e kọjá ibi tí mọ́nítọ̀ lè dé, àwọn funfun tó yàtọ̀ síra á di ọ̀kan náà, ẹ kò sì ní rí ìyàtọ̀ wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dín brightness dé ìwọ̀n tí ẹ kọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ní mẹ́nù yìí, brightness nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn lára rẹ̀, káàdì á sì ṣe ìyókù.

6. Ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Oríṣiríṣi àwọ̀ á máa kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Ẹ má fọwọ́ kan máòsì, ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn.

Ohun tó máa bí ni profáìlì ICC, fáìlì kékeré kan tó ń sọ fún Photoshop àti Lightroom bí mọ́nítọ̀ yìí ṣe ń fi àwọ̀ hàn. Ẹ fi oṣù àti ọdún sínú orúkọ rẹ̀. Ẹ wá wo ìròyìn tí sọ́fítíwíà mú wá: Delta E ni wọ́n fi ń wọn bí àwọ̀ tó hàn ṣe jìnnà sí èyí tó yẹ kó hàn. Bí ìpíndọ́gba rẹ̀ kò bá tó 2, ẹ ti ṣe é dáadáa. Bó bá kéré sí 1, ojú ènìyàn kò ní sábà rí ìyàtọ̀ náà.

Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé mọ́nítọ̀ á dà bí èyí tó pọ́n, tó sì ṣókùnkùn. Ẹ má dá a padà o! Búlúù tó ti pọ̀ jù láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á ló mọ́ yín lójú. Ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ojú yín á bá a mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ba iṣẹ́ wákàtí kan jẹ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yìí, ó sì máa ń dunni.

Bí gbogbo nǹkan bá dára lónìí, tí mọ́nítọ̀ wá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ́la, Windows ló ti gbàgbé láti gbé ìwọ̀n náà sórí káàdì, bóyá nígbà tí kọ̀ǹpútà sùn tó jí, tàbí nígbà tí wọ́n fi dráífà tuntun sí i. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń gbé profáìlì wọlé nínú sọ́fítíwíà yín máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kó jẹ́. Bí méjì bá ń bá ara wọn jà, àwọ̀ eérú á máa pọ́n, á tún máa ṣe àwọ̀ ewé. Bí ìlà bá sì ń là gààràgà lójú ọ̀run níbi tó yẹ kí búlúù ti máa rọra yọ́ lọ, àtúnṣe tí ẹ fi lé káàdì lórí ti pọ̀ jù. Ẹ padà sí mẹ́nù mọ́nítọ̀, kí ẹ fi ọ̀pá mẹ́ta yẹn ṣe púpọ̀ sí i níbẹ̀.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ

Ẹ fi kámẹ́rà mú ìmọ́lẹ̀ bọ̀ sípò, kí ẹ tẹ dccw sí àpótí ìwákiri Windows. Á mú yín gba orí gámà, dúdú àti funfun kọjá. Lórí Mac, ibi tí wọ́n ti ń yan àwọ̀ nínú Displays ni ẹ ti máa rí i. Ní ti gámà àti dúdú, ojú lè ṣe é. Ní ti pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ẹ fi í sílẹ̀ lórí 6500K tó wà nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ojú tí kọ́tìnnì lásán lè tàn jẹ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ má sì wa profáìlì mọ́nítọ̀ ẹlòmíràn láti íńtánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú tiyín. Mọ́nítọ̀ méjì tó ti páálí kan náà wá kì í bára dọ́gba, èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta kò sì lè rí bí tuntun.

Ẹ fi ẹtù, àlàárì àti sányán dán an wò

Fótò àyẹ̀wò tí òyìnbó ṣe pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè ni iṣẹ́ yín, aṣọ òkè àgbà mẹ́ta sì ń dán ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò lára mọ́nítọ̀. Ẹ wá ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti bọ́ sórí wọn tààrà. Ẹ fi káàdì eérú (páálí eérú tí a fi ń tún àwọ̀ fótò ṣe) sínú fótò, ẹ ya RAW, ẹ fi káàdì náà tún white balance ṣe, kí ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ẹtù ń wo òkùnkùn. Aró ló pa á tó fi sún mọ́ dúdú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ ju ara rẹ̀ lọ sì gba inú rẹ̀. Lójú mọ́nítọ̀ tó tọ́, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé búlúù ni, kì í ṣe dúdú, kí ẹ sì lè ka ìlà rẹ̀ àní níbi tí aṣọ ti ká kò sínú òjìji. Bí òjìji náà bá di ọ̀kan ṣoṣo tó dúdú kirikiri, gámà ti ga jù tàbí wọ́n ti tẹ dúdú mọ́lẹ̀. Bí ó bá dà bíi pé eruku bò ó, tí dúdú ibẹ̀ jẹ́ eérú, ẹ padà lọ wo ọ̀rọ̀ Full àti Limited. Ojú tí kò lè fi ẹtù hàn kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni tó dúdú hàn, ibẹ̀ sì ni ẹwà fótò ẹni dúdú wà.

Àlàárì ń wo pupa. Pupa rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó lè kọjá ohun tí sRGB lè gbà. Ẹ wo ibi tí aṣọ ti ṣẹ́: bí ìṣẹ́po rẹ̀ bá parẹ́, tí gbogbo rẹ̀ di pupa pẹrẹsẹ bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀, ẹ ṣí histogram (àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú fáìlì hàn, dúdú lápá òsì, funfun lápá ọ̀tún) kí ẹ wo pupa nìkan. Bí pupa bá ti gún etí ọ̀tún, fáìlì ló ní àrùn. Ẹ dín saturation pupa kù títí ìṣẹ́po fi padà. Bí histogram bá dára tí ìṣẹ́po kò sì hàn, mọ́nítọ̀ ni kò lè gbé e. Lórí ojú 45% NTSC, àlàárì sábà máa ń ṣá, á fà sí ọsàn. Ẹ má fi pupa kún un. Ní láàbù, á ti pọ̀ jù.

Sányán ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí pé kò pariwo. Òwú kòkòrò inú igbó ni, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ eérú, ó sì ní ìgbóná díẹ̀ bíi yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀tàn tó kéré jù lọ ló máa hàn lára rẹ̀. Ẹ mú ègé sányán gan-an dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa bọ́ sórí rẹ̀. Bí èyí tó wà lójú mọ́nítọ̀ bá dà bí eérú ààrò, búlúù ti pọ̀ jù. Bó bá fà sí ewé gbígbẹ, àwọ̀ ewé ló pọ̀. Bó bá ń rẹ́rìn-ín bí awọ ọmọ tuntun, pupa ni. Ẹni tí kò ní sányán lè fi àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣí, tí inú rẹ̀ jẹ́ pépà pọ́n-ún-pọ́n-ún, ṣe é, ṣùgbọ́n sányán dára jù.

Ní ti funfun, aṣọ àlà tí àwọn olórìṣà ń wọ̀ nígbà ọdún ní Ilé-Ifẹ̀ ni kí ẹ fi wò ó, tàbí léèsì funfun ìyàwó. Ihò léèsì gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ ya onígun mẹ́rin 250 sórí 255 nínú Photoshop. Bí ẹ kò bá rí ààlà àárín wọn, contrast mọ́nítọ̀ ti ga jù.

Láti mọ́nítọ̀ dé láàbù

Nínú Photoshop, sRGB ni kí ẹ fi sí Working Space. Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀: àwọn kan máa ń fi profáìlì mọ́nítọ̀ síbẹ̀. Profáìlì mọ́nítọ̀, Windows tàbí Mac ló ni ín; bí ẹ bá fi í sínú Working Space, ẹ ti di àrùn mọ́nítọ̀ yín mọ́ gbogbo fótò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde láti Lightroom, ẹ mú sRGB.

Ẹ to fótò mẹ́fà pọ̀ sórí ojú ewé kan: ojú ẹni dúdú, ojú ẹni pupa, ẹtù, àlàárì, sányán, àti ìlà eérú tó ti dúdú dé funfun. Ẹ tẹ ọ̀kan péré, 8×12, kí ẹ sì sọ fún oníláàbù pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó má fi ẹ̀rọ rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe. “Ẹ dákun, bó ṣe wà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́” ti tó. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, ẹ kò lè mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí láàbù bá ní profáìlì pépà wọn, ẹ gbà á. Soft Proofing inú Lightroom á fi í hàn yín bí pépà ṣe máa rí.

Ẹ gbé pépà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó má jẹ́ inú oòrùn, kí ẹ sì wò ó pẹ̀lú mọ́nítọ̀. Bí pépà bá ṣì dúdú ju mọ́nítọ̀ lọ, mọ́nítọ̀ ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe fáìlì ni kí ẹ tàn. Ẹ ti 120 bọ́ sí 100, tàbí 100 sí 80, kí ẹ tún un wò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dọ́gba tí àwọ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ lọ́nà kan náà lórí gbogbo fótò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pépà láàbù ni. Bó bá jẹ́ lórí àlàárì nìkan, fáìlì ni.

Oníbàárà á ṣì wò ó lórí fóònù rẹ̀, á ní pupa rẹ̀ tàn jù. Ọ̀pọ̀ fóònù OLED wà lórí Vivid. Ẹ ní kí wọ́n yí i sí Natural kí ẹ tó dáhùn. Ẹ má torí fóònù ẹnì kan fọwọ́ kan mọ́nítọ̀ tí ẹ ti wọ̀n.

Oṣooṣù ni kí ẹ máa tún un wọ̀n. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo mọ́nítọ̀ lálẹ́, kí ẹ nu eruku pupa orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fúyẹ́, tó gbẹ, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé e. Ẹ tọ́jú pépà 8×12 yẹn sínú àpòòwé, kí oòrùn má baà pa á láwọ̀. Òun lẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.